Ife Pupa Inú Igbó: Ọ̀rọ̀ lórí Dídá Olú Alápò Mọ̀ ní Èdè Yorùbá

Ilé ni àwọn àgbà ní kí á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìmọ̀ràn yìí wúlò fún ẹni tí ń túmọ̀ ìwé sáyẹ́ǹsì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, nítorí pé ohun tí ń kó ìdààmú bá olùtúmọ̀ kì í sábà jẹ́ àìsí ọ̀rọ̀, ìkánjú ni. Kí ó ṣí ìwé ẹ̀kọ́ kan nípa àwọn ohun abẹ̀mí, èyí tí wọ́n kọ ní Bìrìtéènì, kí ó bá àwòrán ohun kékeré kan pàdé níbẹ̀, tí ó rí bí ife, tí inú rẹ̀ pupa fòò, tí ó jókòó sórí igi jíjẹrà. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é kò ju ife iwin pupa lọ. Olùtúmọ̀ yóò kọ "olú ife pupa", yóò sì ṣí ojú ìwé kejì. Kò purọ́, nítorí ohun tí ó kọ bá àwòrán mu. Síbẹ̀, ó kéré tán, ẹ̀yà méjì ni ó wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn ní Bìrìtéènì, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí àwọn onímọ̀ fúnra wọn tó fi ẹsẹ̀ ìyàtọ̀ wọn múlẹ̀. Ìdí tí ó fi pẹ́, àti ohun tí ó là wọ́n lójú níkẹyìn, kan gbogbo ẹni tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún sáyẹ́ǹsì.

Ìdílé Sarcoscypha ni ife náà ti wá. Ìgbà òtútù ni ó máa ń yọ ní Bìrìtéènì, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, nígbà tí àwọn igi ti wọ́wé tán tí inú igbó sì dá páropáro. Ibi tí ó lọ́rinrin ni ó fẹ́ràn. Ẹni tí ó bá ń wá a yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ọwọ́ tú ewé jíjẹrà, nítorí pé ẹ̀ka igi tí ó máa ń hù lé lórí sábà jẹ́ èyí tí ilẹ̀ ti bò dé ìdajì: ẹ̀ka igi Salix, tàbí ti Acer, tàbí ti Corylus, tí ó ti já bọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tí ó tóbi nínú wọn lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, àwọn kéékèèké kò sì ju èékánná lọ. Inú ife náà a máa pọ́n, a sì máa dán. Ẹ̀yìn rẹ̀ a máa fún díẹ̀, bí ẹni pé a fi ẹfun pa á lára. Ẹsẹ̀ kúkúrú ni ó fi dúró, bí ó bá tilẹ̀ ní ẹsẹ̀ rárá. Bí ènìyàn bá gbé e sún mọ́ ẹnu, tí ó sì mí sí i, ohun kan bí èéfín lè ṣàdédé bú jáde láti inú rẹ̀, ìró wẹ́rẹ́ a sì máa bá a rìn nígbà mìíràn. Òǹkọ̀wé tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yóò rí wàhálà níhìn-ín: ife ni, ìfé sì ń bẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ń fẹ́ àyẹ̀wò ni olú fúnra rẹ̀. Lẹ́nu àwọn Yorùbá, olú jẹ́ oúnjẹ. Ìyá tí ó gbọ́ pé ọmọ òun rí olú nínú igbó, ìkòkò ọbẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí. Ní 1975, B. A. Oso tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Mycologia lórí olú àti àwọn Yorùbá. Òmíràn tẹ̀lé e ní 1977 lórí ipò olú nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àti ìṣègùn. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi hàn ni pé àwọn Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo olú, wọ́n sì mọ èyí tí wọ́n ń jẹ yàtọ̀ sí èyí tí wọn kì í fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì kó èébu orí ẹ̀kọ àná àti ìwúkàrà inú búrẹ́dì mọ́ ìran yìí kan náà. Bí a bá ní kí olú dúró fún gbogbo wọn, èébu di olú, kò sì sí Yorùbá tí etí rẹ̀ yóò gba èyí. Ó sàn kí olú wà fún èyí tí ojú lè rí, tí ọwọ́ sì lè já, kí ìran olú sì dúró fún odindi ìjọba náà, àti èébu àti ìwúkàrà. Nípa báyìí, ife pupa inú igbó yẹ ní ohun tí à ń pè ní olú. Olùkọ́ ni yóò tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ọmọ kíláàsì pé olú inú ìwé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ìlérí ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyí, nítorí ọmọdé tí a kọ́ pé ohun kan ń jẹ́ olú lè mú un lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ife, òun gan-an ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Ìrísí ife kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun méjì jẹ́ ọmọ ìyá. Olú kan wà tí ń jẹ́ Cyathus, tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ olótùútù àti ní ilẹ̀ olóoru. Ife ni òun náà, kódà ohun tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní èdè Gíríìkì ni ife. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kún fún ohun kéékèèké bí ẹyin, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń pè é ní ìtẹ́ ẹyẹ. Òjò ni ó ń bá a ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀kán omi bá já lu inú ife náà, àwọn ẹyin yóò fò jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ife Sarcoscypha kò dúró de òjò láti ju ohunkóhun. Bí a bá wo inú àwọn méjèèjì dáadáa, a ó rí i pé wọ́n jìnnà sí ara wọn ju bí ewúrẹ́ ti jìnnà sí àgùntàn lọ fíìfíì.

Ohun tí ó yà wọ́n ni ibi tí hóró wọn ti ń dàgbà. Nínú ọ̀wọ́ tí Sarcoscypha wà, hóró wà nínú àpò tín-ín-rín, mẹ́jọ mẹ́jọ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹ̀wà inú èèpo. Nínú ọ̀wọ́ tí Cyathus wà, tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn olú tí à ń jẹ náà sì wà, ìta ni hóró wà, lórí ohun kan tí ó sábà máa ń rí bí kùmọ̀. Àwọn Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ kan fún àpò awọ, askos, láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sì ti mú orúkọ ọ̀wọ́ àkọ́kọ́. Yorùbá kò nílò láti yá askos lò, nígbà tí àpò wà nílẹ̀. Olú alápò ni ọ̀wọ́ kìíní. Èkejì ni ó le díẹ̀. Olú oníkùmọ̀ tọ̀nà ní ti ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ oníkùmọ̀ yóò kọ́kọ́ rántí ọdẹ òru. Bóyá ìyẹn kò burú. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá rẹ́rìn-ín sí orúkọ kan kì í gbàgbé rẹ̀.

Àpò náà tún ní ohun kan tí ó yẹ fún orúkọ. Ní 1885, Émile Boudier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìlànà kan jáde tí ó fi pín àwọn olú ife. Ó ṣàkíyèsí pé nígbà tí àpò bá gbó, àwọn kan a máa ṣí lókè bí ìkòkò tí a ṣí ìdérí rẹ̀, àwọn mìíràn a sì kàn dá ihò lu lórí kí hóró lè gba ibẹ̀ jáde. Ìyàtọ̀ tí ojú lásán kò lè rí láéláé yìí ni ó di òpó tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e gbára lé. Ìdérí ni olùtúmọ̀ yóò kọ́kọ́ ronú kàn, kò sì ní àbùkù. Síbẹ̀, ọmọrí dára jù, nítorí pé ọmọrí bá ìkòkò àti igbá mu ní pàtàkì, kò sì lọ káàkiri bí ìdérí. Àpò ọlọ́mọrí ni ti Sarcoscypha. Èéfín tí ó bú jáde nígbà tí ènìyàn mí sí i kì í sì ṣe èéfín rárá: ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò ni ó ṣí ọmọrí wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Hóró tí a ti ń dárúkọ bọ̀ yìí kò lè kọjá láìsí àlàyé. Ìwé púpọ̀ ti kọ irúgbìn níbi tí ó yẹ kí hóró wà. Ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, ó lè kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Babs Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ohun tí ó ká wọn lára ni kí ọmọ lóye ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò dàgbà. Irúgbìn àgbàdo ní ọmọ inú, ó ní oúnjẹ tí ọmọ inú yóò jẹ, ó sì ní awọ. Ohun tí olú ń tú jáde kò ní ọmọ inú, kò sì ju ẹyọ kan wínníwínní tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ. Olùkọ́ tí ó pe méjèèjì ní irúgbìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún olùkọ́ gíga láti tú ká. Sípóòrù, tí àwọn kan ti ń lò, kò ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ èdè mìíràn. Hóró nìkan gbòòrò jù, hóró olú sì há jù, nítorí pé àwọn ewéko kan tí kì í ṣe olú náà ń fi irú ohun yìí bí sí i. Hóró ìbísí ni ó dà bí ẹni pé ó tọ́ jù: ó sọ bí ó ti kéré tó, ó sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kò sì ṣèlérí ọmọ inú tí kò sí níbẹ̀.

Wàyí o, kí a padà sí igbó. Fún ọdún púpọ̀, ife pupa tí ẹnikẹ́ni bá rí lórí igi jíjẹrà ní Yúróòpù ní ìgbà òtútù ni a ń kọ orúkọ Sarcoscypha coccinea sí lára. Orúkọ kejì, austriaca, ti wà nínú ìwé láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Boudier pàápàá mẹ́nu kàn án ní 1907. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀lé e kò kà á sí nǹkan kan, nítorí pé ife pupa ni èyí, ife pupa sì ni ìyẹn. Ní 1984, Hans-Otto Baral, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó fi hàn pé ẹ̀yà tí ó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí ju ẹyọ kan lọ. Kì í ṣe àwọ̀ ni ó wò. Àwọ̀ kò ṣeé gbára lé, torí pé austriaca a máa yọ ní àwọ̀ òféèfèé tàbí ní funfun nígbà mìíràn. Irun ẹ̀yìn ife ni ó wò, àti orí hóró.

Irun yìí ni ó jẹ́ kí ẹ̀yìn ife dà bí ohun tí a fi ẹfun pa. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, irun coccinea nà gbọọrọ, tàbí kí ó tẹ̀ díẹ̀; irun austriaca ká, ó sì lọ́ pọ̀ mọ́ra bí ọwọ́ ìtàkùn. Hóró ìbísí àwọn méjèèjì gùn ju bí wọ́n ti fẹ̀ lọ. Gígùn wọn sábà máa ń wà láàrin 25 sí 40 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Ṣùgbọ́n orí hóró coccinea rí róbótó, nígbà tí ti austriaca kújú, bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé e díẹ̀ ní ìkángun méjèèjì. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, àwọn tí ó tún ife pupa ilẹ̀ Bìrìtéènì yẹ̀ wò rí i pé austriaca, èyí tí orúkọ rẹ̀ ti sùn fún ìgbà pípẹ́, ni ó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀.

Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ fún ìgbìmọ̀ èdè-ìperí wà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣí ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ. Àpèjúwe ni wọ́n: nà, ká, lọ́, tẹ̀, kújú, róbótó. Èdè Látìn tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣàpèjúwe ohun abẹ̀mí kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìtumọ̀ tí kò yẹ̀. Ọ̀pọ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún sáyẹ́ǹsì ń sáré wá orúkọ fún nǹkan, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe sílẹ̀ fún ẹnu olúkálukú. Bẹ́ẹ̀, ibi yìí gan-an ni Yorùbá ti lówó jù. Èdè tí ó lè ya róbótó sọ́tọ̀ kúrò lára rìbìtì, tí ó mọ pẹlẹbẹ yàtọ̀ sí pẹrẹsẹ, tí ó ní ṣóńṣó fún ìkángun kan tí ó sì ní kújú fún òdìkejì rẹ̀, kò ní ohun tí ó ń yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi ṣàpèjúwe hóró olú. Ohun tí ó kù ni àdéhùn. Bí òǹkọ̀wé kan bá lo róbótó fún ohun tí ó rí bí bọ́ọ̀lù, tí èkejì sì lò ó fún ohun tí ó rí bí owó ẹyọ sílè, ẹ̀yà méjì yóò tún sùn sábẹ́ orúkọ kan, bí coccinea àti austriaca ti ṣe. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fìdí ọ̀rọ̀ àpèjúwe múlẹ̀ kí a tó máa wá orúkọ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan.

A lè dán èyí wò nítòsí ilé. Ẹbí kan náà tí Sarcoscypha wà ni ìdílé Cookeina wà, ife kékeré ni òun náà, igi jíjẹrà ni ó ń hù lé lórí, igbó ilẹ̀ olóoru sì ni ibùgbé rẹ̀, títí kan igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Otto Kuntze ni ó fún ìdílé náà lórúkọ ní 1891, ní ìrántí M. C. Cooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí olú. Méjì nínú ẹ̀yà rẹ̀ ni ènìyàn lè bá pàdé jù, Cookeina tricholoma àti Cookeina speciosa. Dígí ọwọ́ tí ń mú nǹkan tóbi ti tó láti yà wọ́n. Irun tricholoma gùn, ó le, ó sì bo gbogbo ẹ̀yìn ife. Irun speciosa kúrú, etí ife nìkan ni ó sì wà sí. (Etí níhìn-ín ni bèbè ife. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe olú kan ní elétí, kí ó rántí pé etí méjì ni Yorùbá ní.)

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Cookeina yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti ìbátan rẹ̀ ní Yúróòpù. Ife speciosa lè pọ́n, ó lè jẹ́ àwọ̀ iyeyè, ó lè rí ràkọ̀ràkọ̀ láàrin méjèèjì, àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i sì ń fún un lórúkọ bí wọ́n ti ń rí àwọ̀. Cookeina sulcipes jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ tí ó pẹ́ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Iturriaga àti Pfister gbé odindi ìdílé náà yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, wọ́n kà á mọ́ speciosa. Lọ́hùn-ún, àwọ̀ kan náà bo ẹ̀yà méjì mọ́lẹ̀. Níhìn-ín, àwọ̀ púpọ̀ sọ ẹ̀yà kan di púpọ̀. Olùtúmọ̀ tí ó bá ti fi pupa tàbí iyeyè sínú orúkọ tí ó ṣẹ̀dá ti há sínú àṣìṣe kan náà ní ìhà méjèèjì.

Ohun kan wà tí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò yìí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Tútù ni kí ó wo ife náà, nínú omi lásán, ní ọjọ́ tí ó já a bí ó bá ṣeé ṣe. Kí ó fi abẹ fẹ́lẹ́ gé inú ife náà bí ó ti lè tín-ín-rín tó. Hóró tí ó ti kú, tàbí èyí tí ó ti gbẹ nínú àpòòwé, kì í fi gbogbo ara rẹ̀ hàn mọ́. Ẹ̀kán òróró wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ láàyè a máa dàrú, bí wọ́n sì ti tò sínú hóró wà lára ohun tí Baral fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ó bá ní àyódíìnì, kí ó kán díẹ̀ sí i. Orí àpò ìdílé Peziza a máa di búlúù, ti Sarcoscypha kì í yí padà.

Nínú gígé bẹ́ẹ̀, yóò rí ohun mìíràn láàrin àwọn àpò, okùn tín-ín-rín tí kò ní hóró kankan nínú, tí ó dúró ṣánṣán láàrin wọn. Inú àwọn okùn yìí ni àwọ̀ pupa ife náà pọ̀ sí jù. Olùtúmọ̀ tí ó bá tẹ̀lé ìwé àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ yóò pè wọ́n ní okùn àgàn, nítorí pé wọn kì í bí. Ní kíláàsì tí ọmọbìnrin jókòó sí, àti ní ilé tí ìwé náà yóò dé, kò sí olùkọ́ tí yóò fẹ́ pe ọ̀rọ̀ yẹn sókè fún ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dúró ti àwọn àpò títí wọn yóò fi gbó. Okùn àárín kò sọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè pè é níwájú ẹnikẹ́ni.